Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Afẹ́fẹ́ Táyà: Ṣé Ó Tó Náwó Lé?

Ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́ ní Ṣàngótẹ̀dó, ìṣó kò sì ṣọ̀wọ́n lójú títì àdúgbò. Bí ìṣó bá wọ táyà, ó lè há síbẹ̀ kó dí ihò tí òun fúnra rẹ̀ lu, kí afẹ́fẹ́ máa jò díẹ̀díẹ̀. Lówùúrọ̀, awakọ̀ á wo táyà, á fẹsẹ̀ ta á, á ní ó le, á sì bọ́ sí márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ẹ̀ táyà òde òní lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ìrísí rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ooru ni ewu ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ó sì ń gbóná bí wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Fi eré, ẹrù àti oòrùn ọ̀sán kún un, rọ́bà á ṣí kúrò lára wáyà inú rẹ̀, táyà á bẹ́. Irú èyí ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, tí Firestone fi ní kí wọ́n dá táyà bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ padà. Ẹsẹ̀ Ford Explorer ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Òfin jáde lọ́dún náà, nígbà tó sì fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ó ti di dandan kí ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà wà nínú gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà.

Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ní sẹ́ńsọ̀ nínú ríìmù, nídìí ẹnu táyà. Ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sí iwájú awakọ̀. Èkejì kì í wọn afẹ́fẹ́ rárá. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yára yí ló ń ṣọ́, láti ara ètò bíréèkì ABS. Táyà tó rọ̀ kéré díẹ̀ sí ìyókù, torí náà ó ń yí jù wọ́n lọ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ rọ̀, ó lè má mọ̀.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ní èkíní. Bí iná rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró gbagidi, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń sọ. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bátìrì sẹ́ńsọ̀ ń lo bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Bó bá kú, sẹ́ńsọ̀ tuntun lẹ máa rà. Irin tí fọkanáísà fi ń ṣí táyà náà lè ṣẹ́ ẹ, ẹ sọ fún un kó tó ki irin bọ ibẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní, wọ́n ń ta èyí tí a ń fi rọ́pò ọmọrí ẹnu táyà, tó ń gbé nọ́ńbà jáde lójú ẹ̀rọ kékeré kan nínú ọkọ̀. Ó rọrùn láti dè, ó sì rọrùn láti jí. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ da omi ọṣẹ sí i: bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.

Ṣé ó tó náwó lé? Fún ẹni tó ń sáré lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìbàdàn, ó tó bẹ́ẹ̀, torí géèjì tí a fi ń wọn táyà kò lè rí afẹ́fẹ́ tó ń jò nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìrìn. Èyí tó ń gbé nọ́ńbà jáde sàn ju oníná lásán lọ: òfin Amẹ́ríkà gbà kí iná má tàn títí táyà tó yẹ kó wà ní 32 psi á fi já sí 24. Ẹni tí kì í kọjá Ajah nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, géèjì tó o.

Kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú wọn tó mọ ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT ló ń sọ ìyẹn: 2316 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Táyà tó ti gbó lè bẹ́ tòun ti afẹ́fẹ́ tó pé. Táyà gidi ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí, kó tó kan géèjì, kó tó kan ẹ̀rọ. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí ẹ wọn táyà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣe òdiwọ̀n. Táyà tó ti rìn ti gbóná, nọ́ńbà rẹ̀ á ga. Ẹni tó bá ní kí fọkanáísà tú afẹ́fẹ́ dànù lọ́sàn-án, táyà tó rọ̀ ló máa gùn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì.