Ọtí Àjàrà Dé Ẹnu Ọ̀nà: Ta Ni Yóò Gbà Á?

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó fi íntánẹ́ẹ̀tì ra wáìnì, èyí tí í ṣe ọtí èso àjàrà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọkọ̀ akẹ́rù yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n owó tí ó ti san kò tó láti gba páálí náà. Akẹ́rù gbọ́dọ̀ rí àgbàlagbà kan lójúkojú, kí ó wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ bóyá ó ti pé ọmọ ọdún 21, kí ó sì gba ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, páálí náà yóò padà sínú ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sì gbọdọ̀ fún ẹni tí ọtí ti ń pa.

Ọdún 21 yìí lè ya òǹkàwé lẹ́nu, nítorí ní Amẹ́ríkà kan náà, ọmọ ọdún 18 lè dìbò, ó sì lè wọ iṣẹ́ ológun. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó fà á. Àwọn ọ̀dọ́ ń mutí, wọ́n ń wakọ̀, wọ́n sì ń kú. Ní ọdún 1984, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ tí ó bá jẹ́ kí ọmọ tí kò tó ọdún 21 ra ọtí yóò pàdánù díẹ̀ nínú owó tí a fi ń ṣe títì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1988, gbogbo ìpínlẹ̀ ti gbà.

Ẹni tí ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù a máa rí ojú oníbàárà. Íntánẹ́ẹ̀tì kò rí irùngbọ̀n, kò rí ewú.

Ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ Michigan àti New York ń jẹ́ kí àwọn tí ń ṣe wáìnì lọ́dọ̀ wọn fi í ránṣẹ́ sí ilé ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ará ìpínlẹ̀ mìíràn. Juanita Swedenburg, ìyá kan tí ó ń gbin àjàrà ní Virginia, wà lára àwọn tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní àwọn ọmọdé ni àwọn ń dáàbò bò. Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 2005, márùn-ún nínú adájọ́ mẹ́sàn-án dá àwọn àgbẹ̀ láre. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá ń ba ìpínlẹ̀ kan lẹ́rù, kí ó pàṣẹ pé àgbàlagbà ni yóò buwọ́ lùwé gba ẹrù náà. Bí iṣẹ́ adènà ṣe já lé akẹ́rù léjìká nìyẹn.

Ǹjẹ́ akẹ́rù ń ṣe é? Ní ọdún 2012, Rebecca Williams àti Kurt Ribisl ti Yunifásítì North Carolina gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ, ọmọ ọdún 18 sí 20, gbìyànjú láti ra ọtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà 100. Ìgbà 45 ni ọtí tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìgbà 28 péré ni a kọ̀ fún wọn nítorí ọjọ́ orí. Nígbà tí akẹ́rù bá tilẹ̀ yẹ ọjọ́ orí wò, bí ìdajì ìgbà ni àyẹ̀wò náà kùnà.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Akẹ́rù ní ọ̀pọ̀ ilé láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú sì ń tini láti béèrè ìwé lọ́wọ́ arúgbó. Lójú ọmọ Yorùbá, àfojúdi gbáà ni. Síbẹ̀, ó sàn kí akẹ́rù béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ju kí ó máa fojú díwọ̀n ọjọ́ orí lọ. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ka àmì tí ó wà lẹ́yìn ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ó yá, ṣùgbọ́n orúkọ àti àdírẹ́sì wà nínú àmì náà pẹ̀lú ọjọ́ ìbí.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba kì í gbé ọtí; òfin ti kọ̀ ọ́ fún un láti ọdún 1909. Ilé-iṣẹ́ aládàáni bí UPS àti FedEx ni ó ń gbé e. Ní ọdún 2021 àti 2023, àwọn aṣòfin kan gbé àbá wá pé kí a yí òfin àtijọ́ yìí padà. Nínú àbá náà pàápàá, ẹni tí ń pín lẹ́tà yóò ní láti wo káàdì kí ó tó gbé ìgò sílẹ̀.