Throttle tí kò fẹ́ padà, àti tọ́nà tó wà lẹ́yìn Opebi

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe dispatch lójoojúmọ́, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gun alùpùpù yẹn dáadáa. Ibi tó dì mú, tó ń yí kí engine lè ké, ìyẹn ni throttle. Tó bá yọwọ́, spring á fà á padà, engine á sì rọlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, bíi Honda CB750 tó jáde ní 1969, tàbí àwọn BSA àti Triumph tí wọ́n kó wá láti ìlú Òyìnbó, skru kékeré kan wà lára ilé throttle. Tí ẹ bá yí i le, ohun kan nínú lọ́hùn-ún á fún páìpù throttle mọ́ra, throttle á sì dúró síbi tí ẹ fi í sí, kódà bí ẹ bá yọwọ́.

Kí ni wọ́n ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó nídìí o. Ẹni tó ń gun alùpùpù láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ọrùn ọwọ́ á máa ro ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ alùpùpù kò tíì ní trafficator, ọwọ́ lèèyàn fi ń júwe ibi tó fẹ́ yà sí. Ní Nàìjíríà, títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì títì la ń gbà wakọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún ní láti kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló sì máa nà síta. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà ló di throttle mú! Tí kò bá sí ohun tó mú throttle dúró, engine á rọlẹ̀ láàárín títì, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì gbá a.

Ewu rẹ̀ náà kò fara sin. Bí ẹni tó gùn ún bá ṣubú, engine á ṣì máa ké. Amẹ́ríkà ṣòfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974, pé throttle alùpùpù tuntun gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ tí ọwọ́ bá ti kúrò níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni skru yẹn fi ń dàwátì.

Àbúrò bàbá mi ra Honda CB àlòkù kan ní 1975, nígbà tí owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. (Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nípa Udoji, ojú wọn á kọ́kọ́ là ná.) Ọdún pípẹ́ ni alùpùpù náà fi wà lábẹ́ tapólì. Ní báyìí, Bàbá fẹ́ kó tún dún. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi kó èrò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, kí wọ́n máa gùn ún lọ sóko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó rí i pé skru náà ti jẹrà, ègé tó ń fún páìpù kò sì sí mọ́. Ló bá gé rọ́bà tíúbù táyà, ó fi wé ẹ̀gbẹ́ throttle. “Ó ti dúró, Daddy,” ló wí. Lóòótọ́, ó dúró. Mo yí i, mo yọwọ́, kò padà rárá. Ẹ wá rò ó wò ní ìkòríta Allen ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ kan já wọlé níwájú yín, kí ẹ yọwọ́, kí alùpùpù ṣì máa sáré lọ. Mo ní kó tú u lójú ẹsẹ̀. “Ó ń ṣiṣẹ́” àti “ó dáa” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì jọ pé ọ̀pọ̀ wa nílùú yìí ti gbà pé ọ̀kan náà ni.

Tọ́nà tí a rí lẹ́yìn Opebi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lathe rẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni pé, “Èyí tó bàjẹ́ dà?” Mo gbé ìdajì skru tó kù fún wọn. Wọn ò tan ẹ̀rọ. Wọ́n fi vernier wọ̀n ọ́n, wọ́n tún mú irin pẹlẹbẹ kan tó ní eyín bí ayùn, wọ́n ń fi wéra pẹ̀lú eyín skru náà. Honda jẹ́ ti Japan, milimítà ni wọ́n fi ṣe eyín rẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí èèyàn bá fi tipá yí skru tí eyín rẹ̀ kò bá ihò mu, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ilé throttle á fàya, ó di ohun ìdànù nìyẹn.

Mo béèrè bóyá irin ni wọ́n máa lò.

“Ọmọ mi, páìpù inú yẹn, irin ni. Bí irin bá ń ha irin, wọ́n á jẹ ara wọn. Idẹ rọ̀ jù ú. Jẹ́ kí idẹ máa jẹ, torí idẹ la lè tún ṣe.”

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ náà lọ. Irin tún máa ń dípẹtà nínú òjò Èkó, èyí tó bá sì dípẹtà lè há síbẹ̀, kí throttle má lè padà mọ́. Inú ẹ̀rọ omi àtijọ́ kan ni Bàbá ti gé idẹ náà. Wọ́n ṣe skru, wọ́n ha orí rẹ̀ kó lè ṣe é fọwọ́ yí láìsí spánà. Wọ́n wá fi fáìlì gbẹ́ ègé kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí ojú rẹ̀ tẹ̀ bíi ti páìpù, tó jókòó láàárín páìpù àti ògiri ilé rẹ̀. Skru á máa yí lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ní yí. Spring tó wà láàárín wọn? Inú bírò títẹ̀ ló ti wá. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀, owó tí wọ́n sì gbà kò tó ra shawarma méjì.

Bí a ṣe dán an wò ló ṣe pàtàkì jù. Engine wà ní pípa. A tú skru sílẹ̀ pátápátá, a ṣí throttle dé òpin, a yọwọ́: tàà! Ó padà. A yí handlebar sósì, a tún un ṣe. A yí i sọ́tùn-ún, a tún un ṣe, torí wáyà tó há lè fà á. Lẹ́yìn náà la tó wá ń yí skru le díẹ̀díẹ̀. Bàbá sì kìlọ̀ pé nínú ìgboro, títú ni kó máa wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ CAD ní òun ì bá ti fi 3D printer tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan. Ó dáa fún wíwo bóyá ó wọ̀. Ṣùgbọ́n PLA tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, kì í ṣe nǹkan tí mo máa gbé sínú throttle lábẹ́ oòrùn wa. Ohun tí mo fẹ́ ni kí òun àti Bàbá jókòó pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi lè ya àwòrán tí kò ní sọnù. Bàbá mọ ohun tó máa jẹ ohun tí kò ní jẹ. Government Technical College wà ní Agidingbi, kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò rí ọmọṣẹ́ kankan. Bàbá ní ẹni tó lò kẹ́yìn ti ń gun dispatch. Mi ò dá a lẹ́bi. Dispatch ń sanwó lójoojúmọ́, lathe ń gba ọdún mélòó kan kó tó mọ èèyàn lójú.

A ti dá ọjọ́ Sátidé kan fún ọ̀rẹ́ mi láti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ọkùnrin kan tó ní BSA ti gbọ́, òun náà fẹ́. Bàbá ní kó kọ́kọ́ gbé èyí tó bàjẹ́ wá, bó ti wù kó kéré tó.