Àwọn Ọ̀dọ́ Eléré Orí Yìnyín ní Ilẹ̀ Kánádà

Ní ilẹ̀ Kánádà, bí ìgbà òtútù bá dé, omi adágún a dì gbagidi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lórí ilẹ̀. Orí omi dídì báyìí ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbá họ́kì kí wọ́n tó kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ńlá tí ẹ̀rọ ń mú kí omi dì sínú wọn. Ẹni mẹ́fà mẹ́fà ni ó ń dojú kọ ara wọn, ọ̀kan nínú mẹ́fà a sì máa ṣọ́ ẹnu àwọ̀n. Bàtà wọn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mú bí ọ̀bẹ ní ìsàlẹ̀. Ọ̀pá gígùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò wúwo ju 170 gíráàmù lọ. Eré náà yára púpọ̀. Eléré kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí yìnyín kí ó tó jáde fún ẹlòmíràn, nítorí agbára rẹ̀ yóò ti tán.

Líìgì mẹ́ta ni ó ga jù lọ fún àwọn ọ̀dọ́: ti Ontario, ti ìhà ìwọ̀ oòrùn, àti ti Quebec pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun. Ọmọ ọdún 16 sí 20 ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń dù, Memorial Cup, ti wà láti 1919, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọmọ kọ́ ni ó ń yan ẹgbẹ́; ẹgbẹ́ ni ó ń yan ọmọ, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó bí ọdún 15. Ìlú tí ó yàn án sì lè jìnnà sí ilé baba rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan òbí. Ọmọ ọdún 16 kò lè dá gbé. Nítorí náà ìdílé kan nínú ìlú náà ni yóò gbà á sílé, tí yóò fún un ní yàrá, tí yóò máa bọ́ ọ, tí yóò sì máa mọ ìgbà tí ó wọlé. Ẹgbẹ́ a máa fún wọn ní owó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka owó náà sí èrè kò tí ì rí bí ọ̀dọ́ eléré ti ń jẹun. Ẹni tí ó mọ bí àwọn Yorùbá ti í fi ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn yóò tètè lóye ètò yìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé olùgbàtọ́ kì í ṣe ọ̀gá. Kò sí ohun tí ó kàn án nínú bí ọmọ ti ń gbá eré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí oúnjẹ wà nílẹ̀ bí ọmọ bá ti ìrìn àjò dé lóru, àti kí ó jókòó tì í ní ọjọ́ tí olùkọ́ eré bá yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn tí yóò gbá. Ìdè bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a já lójijì: ẹgbẹ́ lè fi eléré ṣe pàṣípààrọ̀ láàrin ọdún, kí ó sì di dandan fún ọmọ náà láti kó ẹrù rẹ̀, kí ó fi ilé àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìyà ni ó ti ara eré wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń fi ojú àwọn ọmọ tuntun gbolẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ìgbàwọlé. Akim Aliu, tí a bí ní Okene ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1989, tí ó sì dàgbà ní Ukraine àti Kánádà, wà nínú ẹgbẹ́ ìlú Windsor ní 2005. Ó kọ̀ láti bọ́ra sí ìhòhò nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun yòókù. Láìpẹ́ sí i, níbi ìdánrawò, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan fi ọ̀pá gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì ká. Líìgì dá olùkọ́ ẹgbẹ́ náà dúró, ó sì bu owó ìtanràn lé ẹgbẹ́ lórí. Aliu kò fi eré sílẹ̀. Ó dé líìgì àgbà, ó sì gbá ìdíje méje níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì náà ni ilé kejì àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìdíje 68 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní líìgì ìwọ̀ oòrùn ń gbá lọ́dún, kí ó tó kan àṣekágbá. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, yìnyín sì wà lójú títì. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 1986, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Swift Current yọ̀ kúrò lọ́nà ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, eléré mẹ́rin sì kú.

Ìpínlẹ̀ kan náà ni Humboldt wà. Ẹgbẹ́ ìlú kékeré yìí kò sí nínú líìgì mẹ́ta tí ó ga jù, ṣùgbọ́n irú ìgbé ayé kan náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2018, bọ́ọ̀sì wọn ń lọ sí Nipawin fún ìdíje, ènìyàn 29 sì wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ àjàgbé kan kò dúró ní oríta tí ó yẹ kí ó ti dúró. Ènìyàn 16 ni ó kú, eléré sì ni mẹ́wàá nínú wọn. Nítorí àṣekágbá, àwọn ọmọ náà ti sọ irun orí wọn di àwọ̀ wúrà kí gbogbo wọn lè jọra, wọ́n sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi ṣì wọ́n mọ̀. Ọjọ́ 9 ni a tó kéde pé ọ̀kan nínú àwọn tí a ti kà mọ́ òkú wà láàyè, àti pé òmíràn tí a rò pé ó wà ní ilé ìwòsàn ni ó ti kú. Káàkiri Kánádà ni àwọn ènìyàn gbé ọ̀pá họ́kì síta ẹnu ọ̀nà wọn lálẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹgbẹ́ Humboldt tún gbá eré nílé, Nipawin ni wọ́n sì dojú kọ. Méjì nínú àwọn tí ó yè wà lórí yìnyín. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2020, òfin Kánádà ti sọ ọ́ di dandan pé kí bẹ́líìtì wà ní ìjókòó àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tuntun tí ń rin ọ̀nà jíjìn.

Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ àgbà ń mú. Àwọn yòókù a pé ogún ọdún, ọ̀nà a sì pin. Nítorí èyí ni líìgì ìwọ̀ oòrùn fi ń san owó ẹ̀kọ́ yunifásítì ọdún kan fún ọdún eré kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá gbá. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá ti gbá eré nínú líìgì mẹ́ta náà kò lè gbá a mọ́ fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n kà á sí ẹni tí ń fi eré ṣe iṣẹ́ owó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìnáwó kékeré ni ó ń gbà. Ọmọ ọdún 16 ni ó gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà tí yóò tọ̀, kò sì sí àtúnyàn. Ní oṣù kọkànlá 2024 ni a pinnu láti yí òfin yìí padà, ìyípadà náà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2025.