Géèmù Wa Ń Kú Sínú Fóònù, Ta Ló Máa Tọ́jú Wọn?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, géèmù wo lẹ kọ́kọ́ gbá lórí fóònù? Tèmi ni Gidi Run. Orí Nokia Lumia 520 ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti gbá a, nílé wa ní Mowe, lọ́dún 2014. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á máa du fóònù yẹn mọ́ ara wa lọ́wọ́ títí bátìrì á fi kú. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ọmọ ilẹ̀ wa ló ṣe géèmù náà. Èmi rò pé òkè òkun ni gbogbo géèmù ti ń wá.

Láìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìtàn ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Gamsole lorúkọ rẹ̀. Abiola Olaniran, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní 2012. Fóònù Windows Phone ni wọ́n dojú iṣẹ́ wọn kọ. Nígbà tó fi máa di 2014, ìwé ìròyìn Forbes ti kọ ọ́ pé iye ìgbà tí àwọn èèyàn gba géèmù Gamsole sórí fóònù wọn ti lé ní mílíọ̀nù 9. Orí mi wú. Mo ní, ó di dandan kí n tún gbá ẹ̀dà tí mo mọ̀ yẹn gan-an.

Ibo ni mo fẹ́ ti rí i? Microsoft ti ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba géèmù sórí Windows Phone 8.1 pa láti December 16, 2019. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tó wà nínú fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọkọ wọn sì wà ní Ifọ. Mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì ní Lumia yẹn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi òkú fóònù ṣe?"

Mo lọ sí Ifọ lọ́jọ́ Sátidé. Inú agolo mílíìkì kan la ti bá a, láàárín kọ́kọ́rọ́ àti ṣájà tó ti já. Bátìrì rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì. Tí bátìrì líthíọ̀mù bá ti gbó, omi kẹ́míkà inú rẹ̀ á máa túká, á sì di gáàsì. Gáàsì yẹn ló ń wú u. Ẹ má gún irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó lè gbiná.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo gba ọ̀dọ̀ Ẹńjíníà tó ń tún fóònù ṣe fún wa ní Ibafo lọ. Wọ́n yí fóònù náà síwá sẹ́yìn. "Àbúrò, èyí ti di bàbá àgbà o." Wọ́n wá bátìrì BL-5J jáde látinú páálí fóònù àlòkù, wọ́n fi sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó tàn! Gidi Run ṣì wà níbẹ̀. Mo pariwo débi pé oníbàárà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fò sókè.

Mo ní, "Ẹńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó o sórí Android mi."

Wọ́n mi orí. "Kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èdè wọn ò pa pọ̀. Inú fóònù yìí náà ló máa wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Tí fóònù yìí bá kú, ẹ̀dà géèmù tó wà lọ́wọ́ mi kú nìyẹn.

Báwo ni géèmù ṣe ń kú?

Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ ata ìrẹsì Ọ̀fadà ṣàlàyé. Ẹni tó sè é mọ iye ata, iye irú àti bí epo ṣe pẹ́ tó lórí iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ mọ̀ pé ó dùn, àmọ́ ẹ ò lè tú u padà sí ata àti epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù rí. Ohun tí ẹni tó ṣe é kọ, tí èèyàn lè kà, là ń pè ní source code. Ìyẹn ni ìlànà ọbẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù wa ti di ọbẹ̀ tó jinná: ẹ̀rọ nìkan ló yé.

Ọbẹ̀ yẹn náà kì í dá dúró. Bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń bẹ fóònù níṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ya àwòrán yìí fún mi, gbé ohùn yìí jáde, ibo ni ìka èèyàn ti kan ojú fóònù? Windows Phone ní ọ̀nà tó ń gbà jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Android ní tiẹ̀. Ẹ gbé géèmù ti èkíní fún èkejì, kò ní gbọ́ ohun tó ń wí.

Kì í ṣe fóònù nìkan. Ní 2012 yẹn kan náà, Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ l'Ékòó. Okada Ride àti Mosquito Smasher wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń gbá wọn. Láyé ìgbà yẹn, Flash ni géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ jù lágbàáyé gbára lé. Adobe pa Flash tì ní December 31, 2020, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù sì dákẹ́. Maliyo ò dákẹ́ ní tiwọn, wọ́n kó lọ sórí fóònù. Àwọn ló ṣe Whot King, àwọn náà ló bá Disney ṣe Iwájú: Rising Chef tó jáde ní February 2024. Ẹ wò ó, ilé iṣẹ́ lè yè kí géèmù rẹ̀ àkọ́kọ́ má yè.

Ẹni tó yọ géèmù kúrò nínú àpótí

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé aláwọ̀ dúdú kan ti bá irú wàhálà yìí jà rí. Jerry Lawson, ẹńjíníà ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe Fairchild Channel F tó jáde ní 1976. Kó tó dìgbà yẹn, inú ẹ̀rọ géèmù ilé ni wọ́n ń kan géèmù mọ́. Tó bá sú yín, àfi kẹ́ ẹ lọ ra ẹ̀rọ mìíràn. Lawson àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó géèmù sínú katiríìjì tí èèyàn lè yọ, kó sì fi òmíràn sí i. Wọ́n fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni géèmù, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ. Ó kú ní 2011, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbá géèmù ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìpinnu nípa ibi tí géèmù máa gbé ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ wo Kiro'o Games ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí Olivier Madiba dá sílẹ̀. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ ará ayé lórí Kickstarter, wọ́n sì gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní April 2016. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé e sí. Kọ̀ǹpútà Windows tuntun sì sábà máa ń gba ohun tí wọ́n ṣe fún ti àtijọ́, kò dà bíi Windows Phone tó kú pátápátá.

Ṣé àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí? Rárá o. Ní 2023, Video Game History Foundation ṣe ìwádìí lórí àwọn géèmù tó jáde l'Ámẹ́ríkà ṣáájú 2010. Nínú 100, 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Tí ti àwọn tó lówó, tó ní ilé àkójọ, bá rí báyìí, tiwa ńkọ́?

Kí la lè ṣe?

Ẹ rántí ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Ọpọ́n tí àwọn baba ńlá wa fi ta á ti jẹrà, àmọ́ ayò ò kú, torí pé orí èèyàn ni òfin rẹ̀ wà. Ẹ lè gbẹ́ ihò sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí kẹ́ ẹ sì ta á. Source code ni òfin ayò ti géèmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, ẹ má fi tiyín sórí láptọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta, ó kéré tán, kí ọ̀kan jìnnà sílé.

Ìmọ̀ kan tún wà tó ń jẹ́ emulator. Ó dà bí eégún: ẹ̀rọ tuntun á gbé ẹ̀kú ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀, géèmù á sì rò pé ẹni tí òun mọ̀ ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ruffle ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Flash, òun sì ni Internet Archive ń lò láti November 2020 láti jí ọ̀pọ̀ géèmù Flash dìde. Àmọ́ eégún ò lè jó tí kò bá sí onílù: ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti tọ́jú fáìlì géèmù náà.

Nítorí náà, ẹ wo inú agolo àti dúrọ́ọ̀ ilé yín. Tẹ́ ẹ bá rí fóònù àtijọ́ tó ní géèmù ọmọ ilẹ̀ wa, ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn. Ẹ yọ bátìrì tó ti wú kúrò, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá tàn, ẹ fi fóònù mìíràn ya fídíò ibi tẹ́ ẹ ti ń gbá a, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ géèmù àti ti ẹni tó ṣe é sílẹ̀.

Èmi ti ya tèmi, ìṣẹ́jú 20. Lumia náà wà lórí tábìlì mi ní Mowe bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé kí n dá fóònù àwọn padà, ọwọ́ àwọn ń yún àwọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mi ò tíì borí wọn.