Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Màlúù ní Àgbègbè Tema

Láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté Tema ní ọdún 1962 ni ilé àti ilé-iṣẹ́ ti ń gba ilẹ̀ tí ó yí ìlú náà ká, síbẹ̀ màlúù kò tíì kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra. Agbo ẹran ṣì ń jẹ̀ níbẹ̀: màlúù oníwo kúkúrú, àti Sanga tí a bí láàárín rẹ̀ àti màlúù oníké ti ìhà àríwá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé a fẹ́ kọ́ àwọn ọlọ́sìn ní bí a ti ń da màlúù lè rẹ́rìn-ín. Ó ṣe tán, igi ni a fi ń dà á. Igi náà gan-an ni ọ̀ràn wà. Màlúù a máa rí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í rí ẹ̀yìn rẹ̀ gangan. Ẹni tí ó bá yọ sí i láti ibẹ̀, ẹ̀rù ni ó dá bà á. Bí ènìyàn bá dúró ní ìhà èjìká rẹ̀, tí ó sì sún díẹ̀ sẹ́yìn èjìká náà, ẹran yóò lọ síwájú láìjẹ pàṣán. Nínú ọgbà ẹran ni a ti ń kọ́ irú èyí, kì í ṣe lórí àga.

Ẹran tí a nà, ẹ̀jẹ̀ a dì sí i lára, alápatà a sì gé ibẹ̀ sọnù. Èyí tí ó bá rẹ̀ tàbí tí jìnnìjìnnì bá kí a tó pa á, ẹran rẹ̀ a dúdú, a sì tètè bàjẹ́. Ọrùn ni ó yẹ kí a gún ní abẹ́rẹ́, kì í ṣe itan, níbi tí ẹran tí ó níye lórí wà.

Ṣùgbọ́n ta ni a ó kọ́? Ọ̀pọ̀ olówó ẹran ibẹ̀ kì í gbé lọ́dọ̀ ẹran wọn. Fúlàní darandaran ni ó ń tọ́jú wọn, wàrà sì sábà máa ń jẹ́ apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fún wàrà púpọ̀ kí òun lè jẹun, ọmọ màlúù kò ní mu yó, kò sì ní tètè dàgbà. Lójú tiwa, kí olówó ẹran máa san owó gidi fún un, kí a sì fi èdè rẹ̀ kọ́ ọ ní gáà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá gbẹ, ni ẹ̀kọ́ náà yóò wúlò jù. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà nígbà náà, ṣùgbọ́n májèlé ń bẹ nínú rẹ̀ ní tútù: a gbọ́dọ̀ sá a kí ó gbẹ dáadáa kí màlúù tó jẹ ẹ́.