Ìyá tó ń gbàgbé kì í ṣe àjẹ́: ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò!

Ẹ̀yin ìyálọ́jà Ògbóòro, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná. Bí ìyá kan bá ti ta èlùbọ́ fún ogójì ọdún, tó wá di pé kò lè ka owó mọ́, tó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀, tó jáde nílé tí kò mọ ọ̀nà padà, kí la máa ń wí? Àwọn kan á ní, "Ìyá ti ń ṣarán." Ìyẹn ṣì dára. Àwọn mìíràn á ní, "Àjẹ́ ni, ó ti ń jẹ́wọ́!" Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Àìsàn ọpọlọ ni.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dún 1906. Àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn àgbàlagbà wò ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn. Ní 2001, wọ́n gbé àbọ̀ jáde: nínú 1,000 àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 65, bíi 13 tàbí 14 ni àìsàn ìgbàgbé ń mú n'Ìbàdàn lọ́dọọdún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 32. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rí àmì Alzheimer nínú ọpọlọ ẹni tó wà láàyè, àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ olówó gọbọi ya fọ́tò ọpọlọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èròjà méjì, amyloid àti tau, ló ń gbá jọ sínú ọpọlọ. Díẹ̀ nínú wọn ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 55, tí ìgbàgbé sì ti hàn lára rẹ̀, ló wà fún. Àwọn onímọ̀ tún ń wọn irú èròjà bẹ́ẹ̀ léraléra láti fi ṣọ́ bí àìsàn náà ṣe ń lọ. Àmọ́ bí èéfín ni: ó ń sọ pé iná wà, kì í pa iná.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ti Alzheimer. Àìtó fítámì B12 lè da iyè rú. Ṣúgà ara tó lọ sókè tàbí tó wálẹ̀ jù lè dà á rú. Bí ẹ̀yà ara tó wà níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ lọ́rùn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, òun náà ń fa ìgbàgbé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò le ni wọ́n fi ń mọ gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n sì ní oògùn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìyá lọ sílé wòlíì tàbí babaláwo, ẹ gbé e dé ọsibítù ní Ṣakí. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá kọjá agbára wọn, wọ́n á darí yín sí Òrítamẹ́fà n'Ìbàdàn.

Ẹni tó pọ̀n yín dé ọjà kò yẹ lẹ́ni tí à ń sọ lókò.