Kí Ló Dé Tí Inṣọ́ránsì Jíìpù Oníná Fi Wọ́n Tó Bẹ́ẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àǹtí mi pè mí lórí WhatsApp láti Manchester. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní, wọ́n sì fẹ́ ra jíìpù tí gbogbo ilé á lè wọ̀. Irú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wò: ọ̀kan ń lo epo bẹntiróòlù, èkejì ń lo iná mànàmáná. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé owó iná tí wọ́n á máa fi gba ṣáájì kò ní tó owó epo rárá. Inú wọn ń dùn lọ, àfi ìgbà tí wọ́n béèrè owó inṣọ́ránsì. Ti elépo: £610 lọ́dún. Ti oníná: £1,020.

"Ìwọ tó ò ń kàwé lórí bátìrì," wọ́n ní, "wá ṣàlàyé fún mi. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, àdúgbò kan náà. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u palẹ̀.

Ìbéèrè méjì péré

Ìbánigbófò, tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì, fara jọ àjọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá owó jọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í kàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ sí nìkan ló ń kó o. Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ tó sọ iye tí ẹ máa san, ohun méjì ni wọ́n ń bi ara wọn. Àkọ́kọ́: ṣé ó rọrùn kí òfò ṣẹlẹ̀ sí ẹni yìí? Èkejì: tó bá ṣẹlẹ̀, èló ló máa ná wa?

Ní Bìrìtìkó, láti ọdún 1930 ni òfin ti ní kí gbogbo awakọ̀ ní ìbánigbófò, ó kéré tán èyí tó máa san ohun tó bá bàjẹ́ lára ẹlòmíì. Wọ́n tún pín àwọn mọ́tò sí ìpele-ìpele. Mọ́tò tó bá yára, tó bá wọ́n, tàbí tí àtúnṣe rẹ̀ bá le, òkè ló máa wà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìjọba á wá fi owó orí ìdá 12 nínú 100 lé e.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àǹtí mi báyìí. Awakọ̀ ò yí padà, àdúgbò ò yí padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni wàhálà wọn. Ìbéèrè kejì ni.

Bátìrì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín

Ẹ jẹ́ ká fi Hyundai Kona ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ó ní ti elépo, ó sì ní ti oníná. Nínú oníná àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, bátìrì ńlá rẹ̀ jẹ́ 64 kWh. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé, ló tẹ́ sí. Òun ló jẹ́ kí oníná fi ohun tó lé ní 300 kílò wúwo ju elépo lọ.

Ní 2024, iye tí bátìrì lithium-ion ń jẹ́ káàkiri ayé, tí a bá pín in dọ́gbadọ́gba, jẹ́ $115 fún kWh kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 64 lu $115: $7,360. Iye ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é nìyẹn o. Owó ìkẹ́rù, owó iṣẹ́ àti èrè oníṣòwò ò tíì wọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan mìíràn lára ọkọ̀ náà tó dá wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí iye owó yìí tàn yín. Ẹ́ńjìnnì náà wọ́n. Ohun tó ń da ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì láàmú ju ìyẹn lọ ni pé wọn ò lè rí inú bátìrì.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Wọn kì í fi ojú nìkan wò ó. Wọ́n á gbé e, wọ́n á fi ìka lù ú, wọ́n á tẹ́tí. Ohùn ìkòkò tó sán máa ń yàtọ̀, bí ojú ò tiẹ̀ rí ibi tó ti sán.

Bátìrì Kona yẹn ní ẹ̀yà kéékèèké tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 nínú. Nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìpele tín-ín-rín kan wà, tí kò nípọn tó irun orí, tó ń ya apá òdì kúrò lára apá ìjọ. Tí òkúta bá gbá abẹ́ ọkọ̀, tí ìpele yẹn sì ya, apá méjèèjì á kan ara wọn. Ibẹ̀ á gbóná. Tó bá gbóná jù, á ràn mọ́ ẹ̀yà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á ràn mọ́ òmíràn, bí ọ̀yẹ́ ṣe ń gbé iná láti oko kan dé èkejì. Ó sì lè má ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí díẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé oníná tó ní jàǹbá jìnnà sí àwọn yòókù, nǹkan bíi mítà 15. Àyè yẹn, owó ni.

Ẹ má sá o. Àkọsílẹ̀ àjọ ìjọba Sweden tó ń bójú tó pàjáwìrì fi hàn pé ọkọ̀ oníná kì í gbaná tó ọkọ̀ elépo. Kì í ṣe pé oníná burú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn jàǹbá, ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà pé inú bátìrì ò sán? Tí kò bá sẹ́ni tó lè sọ ọ́, ó rọrùn fún ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì láti kéde pé ọkọ̀ ti di kòńdẹ́ẹ̀mù, kí wọ́n san gbogbo owó rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń dá owó ló ń pín ìnáwó yẹn, àǹtí mi náà wà níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì tún wà. Oníná máa ń ta kíjí, ẹsẹ̀ tí kò mọ́ ọn lára lè ṣìṣe. Kámẹ́rà àti sẹ́ńsọ̀ pọ̀ lára bọ́ńpà. Iná tó lé ní 300 volt kì í ṣe ohun tí mẹkáníìkì tí kò kọ́ ọ lè fọwọ́ kàn.

Ta ló máa lu ìkòkò yìí?

Iṣẹ́ tí èmi ń kọ́ nínú láàbù nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ gùn: electrochemical impedance spectroscopy. Ṣùgbọ́n ìkòkò la kàn ń lù. A máa fi iná kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sínú bátìrì, nígbà mìíràn kíákíá, nígbà mìíràn díẹ̀díẹ̀, a ó wá wo bó ṣe dáhùn. Bátìrì tó yá àti èyí tó ti bàjẹ́ kì í dáhùn bákan náà.

Òfin náà ń bọ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2027, àjọ European Union ní bátìrì mọ́tò oníná tuntun gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa sọ ibi tó ti wá àti bí ara rẹ̀ ṣe le sí. Ní 2010, kWh kan lé ní $1,000. Ẹ ti rí i pé ó já wá sí $115 ní 2024. Bí àyẹ̀wò bá ń rọrùn, tí bátìrì sì ń pọ̀, ó yẹ kí inṣọ́ránsì náà máa wálẹ̀.

Ilé wa ńkọ́?

Kona oníná yìí kan náà ni Gómìnà Sanwo-Olu ṣí aṣọ lójú rẹ̀ l'Ékòó ní 2020. Ní Nàìjíríà, àjọ NAICOM sọ owó inṣọ́ránsì thiọ́dì-pátì di ₦15,000 fún mọ́tò aládàáni láti January 2023. Ohun tó lè san fún dúkìá ẹlòmíì kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Fún bátìrì tiyín? Kọ́bọ̀ kan kò sí. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó bo gbogbo ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Jíìpù mílíọ̀nù ogójì á gba mílíọ̀nù méjì lọ́dún.

Ẹ wá ronú nípa títì wa: kòtò, bọ́ǹpù, òkúta. Abẹ́ ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń gbá. Ẹni tó bá ra jíìpù oníná tó sì lo thiọ́dì-pátì nìkan, ohun tó wọ́n jù lára ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé sójú títì láìbò.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ béèrè owó inṣọ́ránsì ná, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ bi wọ́n tààrà: ṣé ẹ máa san owó bátìrì? Wáyà àti ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣáájì ńkọ́? Ta ló máa yẹ bátìrì wò lẹ́yìn jàǹbá? Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gba èsì àyẹ̀wò bátìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Àǹtí mi pè padà lánàá. Ilé iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n bi. Ẹnì kan gbà láti bo bátìrì àti wáyà ní £790. Ó ṣì ju ti elépo lọ, àmọ́ owó epo tí wọn ò ní rà á kún àlàfo náà. Wọ́n ti san àsansílẹ̀ ti oníná.